«Aláròyé» kò lè gba àwọn méjèèjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á fi «aláròyé» túmọ̀ ẹlẹ́nu púpọ̀ méjèèjì tó wà lára ìwà ẹ̀dá 30 tí Theophrastus ará Gíríìsì ṣàpèjúwe láyé àtijọ́, nínú ìwé rẹ̀ tí à ń túmọ̀ sí Yorùbá. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo ẹni àkọ́kọ́. Ó jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ rí, ó ń yin ìyàwó ara rẹ̀, ó rọ́ àlá tó lá lóru àná, ó sì ń ka gbogbo ohun tó jẹ lálẹ́. Aláròyé pọ́ńbélé nìyẹn. Àròyé niṣẹ́ ìbákà, a kò sì tìtorí ẹ̀ pe ìbákà ní ẹyẹ burúkú. Lọ́jà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́ níbí, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí kò lè ṣàròyé, ta ni yóò yà lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ẹnìkejì ni ìṣòro. O kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó ti já a gbà, pé o ò mọ nǹkan kan, òun ló mọ̀ ọ́n. Á wọ ilé ẹ̀kọ́, á dí àwọn ọmọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tirẹ̀ pàápàá, bí oorun bá ń kùn wọ́n, wọn á ní kí bàbá àwọn máa sọ̀rọ̀ lọ kí àwọn lè sùn!

Àwọn kan mú «onísọkúsọ» wá. Rárá o, ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ lè jẹ́ òótọ́. «Olófòófó» ńkọ́? Àṣírí ni ìyẹn ń tú. Gbígba ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu ni ẹ̀ṣẹ̀ eléyìí, nítorí náà mo dábàá «agbọ̀rọ̀mọ́nilẹ́nu». Ó gùn lóòótọ́, àmọ́ «asọ̀rọ̀mágbèsì» náà gùn, a sì ń fi pe rédíò.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Yorùbá kórìíra ọ̀rọ̀ púpọ̀ bí àwọn ará Sparta, ìlú kan ní Gíríìsì àtijọ́ tí wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ ní ṣókí, torí pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn arọ́kin tó ń rọ́ ìtàn àwọn Aláàfin ńkọ́? Lọ́dọ̀ àwọn Wolof ní Sẹ̀nẹ̀gàl, àwọn ọmọ ọlọ́lá kì í fẹ́ pariwo ọ̀rọ̀, wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún àwọn géwél, ìyẹn àwọn akéwì àti apìtàn tó jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn. Ẹni tó ń sọ ọ́ àti ibi tó ti ń sọ ọ́ là ń wò.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú ju tèmi lọ kó mú un wá, kí á tó tẹ ìwé náà.