Igbó tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà ní Japan: ohun tí ojú mi rí

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ìdí òfì ni mo sì dàgbà sí. Nílé wa, bí wọ́n bá ti dárúkọ igbó, ọlọ́pàá àti ọmọ tó ti bàjẹ́ ló ń wá sí wa lọ́kàn. Àyà mi já nígbà tí màmá àgbẹ̀ kan ní Kanuma, ní ìpínlẹ̀ Tochigi, gbé nǹkan lé mi lọ́wọ́ tó ní èèpo igbó ni.

Ó ń dán bí irun àgbàdo. Ó fẹ́lẹ́ débi pé mo ń rí ìka mi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Màmá ní oṣù keje ni wọ́n ń gé e. Wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rin ín lómi kí wọ́n bò ó títí èèpo á fi dẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó bó o, tí wọ́n á fá ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù. Tochigishiro ni irú tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀, kì í pa ènìyàn bí ọtí. Síbẹ̀, láti 1948 ni òfin ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbin igbó láìgbàwé àṣẹ.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ojúbọ kan. Àwòrò fi ọ̀pá wẹ̀ wá mọ́, ó fì í sósì, sọ́tùn-ún, sósì. Mo ti rí irú ọ̀pá yẹn rí, ìwé funfun nìkan ni mo rò pé ó wà lára rẹ̀. Àṣé igbó wà láàárín ìwé náà! Ní Matsusaka, lóṣù karùn-ún àti oṣù kẹwàá, wọ́n ń hun aṣọ igbó àti ṣẹ́dà fún Amaterasu, òrìṣà oòrùn tó wà ní Ise. Nígbà Daijosai, ètùtù ìgorí oyè tí Ọba Naruhito ṣe ní 2019, aṣọ igbó tí wọ́n ń pè ní aratae wà níbẹ̀. Ìdílé Miki ló gbin igbó rẹ̀ lórí òkè ní Tokushima.

(Ẹ kíyè sí i o: “asa” ni wọ́n ń pe igbó ní èdè Japan, ṣùgbọ́n “asa” tí wọ́n kọ sára aṣọ ọjà, ọ̀gbọ̀ tàbí ramie, ewéko mìíràn tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe òwú, ni, kì í ṣe igbó.)

Mo padà sọ́dọ̀ màmá. Wọn kì í ran igbó bí òwú. Èékánná ni wọ́n fi ń ya á wẹ́wẹ́, wọ́n á wá lọ́ orí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì. Mo gbìyànjú, gbogbo rẹ̀ ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá wá béèrè báwo la ṣe ń so òwú tó bá já ní ìdí òfì tiwa. Mo so ó, wọ́n fi àtàǹpàkò yẹ kókó náà wò, wọ́n ní kí n tún un so.