Ikọ́ gbígbẹ tí kò lọ láti ìgbà tí màmá mi ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru

Ìbéèrè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Oṣù méjì sẹ́yìn ni dókítà kọ lisinopril oní-miligíráàmù 10 fún màmá mi, pé kí wọ́n máa lo ẹyọ kan lójúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni ikọ́ kan ti dé tí kò mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan jáde, wọ́n sì ní ńṣe ló dà bíi pé ìyẹ́ adìyẹ há sí àwọn lọ́fun. Lóru, etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A ti ra ìgò oògùn ikọ́ méjì, kò sí ìyàtọ̀. Lánàá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé pélébé inú páálí oògùn náà, mo sì rí ikọ́ níbẹ̀. Màmá ní àwọn yóò da oògùn náà nù. Ṣé kí n gbà fún wọn? Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n wọn.

Ìdáhùn kìn-ín-ní

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Apòògùn ni mí, ohun tí ẹ sọ yìí kò sì ṣàjèjì sí mi rárá. Àwọn oògùn tí orúkọ wọn parí sí «pril», bíi lisinopril, enalapril àti ramipril, máa ń dí ẹ̀ńsáìmù kan lọ́wọ́, èyí tó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún. Ẹ̀ńsáìmù yìí kan náà ló ń fọ́ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bradykinin túútúú nínú ara. Nígbà tí oògùn bá ti dí i lọ́wọ́, bradykinin á máa pọ̀ sí i nínú ọ̀nà èémí, ọ̀fun á sì máa yún èèyàn ṣáá. Ìdí rèé tí oògùn ikọ́ kò fi ràn án. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè gba oṣù mélòó kan kó tó yọjú, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí oògùn.

Síbẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn. Ẹ pe dókítà lọ́la, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Losartan ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀, nítorí pé kì í fọwọ́ kan ẹ̀ńsáìmù yẹn. Ẹ sọ fún dókítà pẹ̀lú bí ẹsẹ̀ wọn bá ń wú tàbí tí èémí ń há wọn nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, torí pé ikọ́ òru lè wá láti inú ọkàn náà.

Ìdáhùn kejì

Mo ti dá a dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ikọ́ lọ lóòótọ́, inú mi sì dùn, ara mi sì yá gágá. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́yìn oṣù méjì, 190 lórí 110 ni wọ́n bá. N kò mọ nǹkan kan lára! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn kẹta

Ohun kan wà tó léwu ju ikọ́ lọ. Bí ètè, ahọ́n tàbí ojú wọn bá ṣàdédé wú, kí wọ́n má lo ẹyọ kankan mọ́, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, torí pé ó lè dí ọ̀nà èémí pa. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sì wọ́pọ̀ jù lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọ́dọ̀ tún lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gidigidi. Dókítà ti fi losartan rọ́pò rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó sì ní àwọn yóò yẹ kíndìnrín àti èròjà potassium inú ẹ̀jẹ̀ wò láìpẹ́. Ìgbà wo ni kí a máa retí pé ikọ́ yóò lọ?

Ìdáhùn kìn-ín-ní

Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin ló sábà máa ń gbà, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta lára ẹlòmíràn. Ẹ kọ déètì òní sílẹ̀, kí màmá má bàa rò pé oògùn tuntun náà ló tún ń fa ikọ́.