Obìnrin nídìí iná wẹ́dà, ọkùnrin nídìí odó: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín ti rí

Wẹ́dà Obìnrin, Kàbà

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe, mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Kàbà níbí, géètì, ilẹ̀kùn onírin, bọ́gílárì, férémù tánkì omi, gbogbo ẹ̀ ni mò ń ṣe, mo sì ní ọmọṣẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ sọ ni bí nǹkan ṣe ń yí padà nílẹ̀ wa, ilẹ̀ Ọ̀kun ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Ìyàgbà dé Ìjùmú dé Bùnú, lórí iṣẹ́ tí wọ́n ní ọkùnrin ló ni àti èyí tí wọ́n ní obìnrin ló ni, níta àti nínú ilé. Èyí tó ṣojú yín gan-an ni kẹ́ ẹ sọ o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ní iṣẹ́ wẹ́dà ni mo fẹ́ kọ́, bàbá mi ò bínú, màmá mi ló bínú. Wọ́n ní ta ló máa fẹ́ ọmọbìnrin tí iná ti ta sí lápá yánnayànna. Ọ̀gá tí mo lọ bá náà ò kọ́kọ́ gbà, ó ní obìnrin ò ní kọ́ ọ dé ìdajì kó tó lọ́kọ, iṣẹ́ á sì dúró síbẹ̀. Bàbá mi ló lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n kọ ìwé àdéhùn, ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, mo wọlé.

Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé agbára kọ́ ni olórí iṣẹ́ yẹn. Irin wúwo lóòótọ́, àmọ́ ta lẹ rí tó ń dá gbé géètì ńlá? Èèyàn mẹ́rin ló ń gbé e, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Ojú àti sùúrù ló ń ṣe é. Tó o bá fẹ́ jó férémù ilẹ̀kùn, o ò ní jó o pa lẹ́ẹ̀kan, wàá kọ́kọ́ pọ́ìntì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ni kó o fi iná kàn án díẹ̀ kó lè dúró, wàá wá fi téépù wọ̀n ọ́n ní ìdábùú, láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì, wàá tún wọn ìkejì, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ férémù yẹn ti wọ́ nìyẹn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní pa dé láyé. Tó o bá sì jó ẹ̀gbẹ́ kan tán pátá kó o tó bọ́ sí ìkejì, iná á fa irin, á tẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Àwọn ọmọkùnrin tá a jọ kọ́ṣẹ́ máa ń kánjú níbẹ̀ yẹn, nígbà tó yá, ilẹ̀kùn tí mo jó ni ọ̀gá ń fi han kọ́sítọ́mà. Ojú sì ni kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ tọ́jú jù. Ẹni tó bá wo iná yẹn láìlo gógù, lọ́sàn-án kò ní ṣe é ní nǹkan kan, tó bá di òru, á dà bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i lójú, kò ní sùn.

Kọ́sítọ́mà ṣì ń wọlé títí di òní, wọ́n á ní "ọ̀gá yín ńkọ́?" Màá ní èmi ni. Àwọn kan á yí padà lọ. Àwọn kan á dúró wò mí, wọ́n á wá gbé iṣẹ́ sílẹ̀.

Àmọ́ èyí tó jẹ́ kí n kọ gbogbo eléyìí ni inú ilé. A ti gbà kí obìnrin wọ iṣẹ́ ọkùnrin, ó dáa, orí mi wú. Ṣùgbọ́n ta ló ti wọ iṣẹ́ obìnrin? Tí èmi àti ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà bá délé nírọ̀lẹ́, òun á lọ wẹ̀, á jókòó, wọ́n á gbé oúnjẹ wá. Èmi á lọ dá iná. Iṣẹ́ kan ni wọ́n fi kún tèmi, wọn ò yọ ìkankan. Ẹ sọ tiyín.

Màmá Ẹlẹ́rọ, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Àǹtí wẹ́dà ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi ò wá látinú ìfẹ́ iṣẹ́, ìbínú ni mo fi kọ́ ọ. Àwa obìnrin la ni ẹ̀gẹ́, àwa la ń hú u, àwa la ń bó o, àwa la ń yan gàrí, àmọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, tó bá wù ú á wá, tí ò bá wù ú á lọ òde ìsìnkú, àwa á jókòó ti ẹ̀gẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tá a ti hú ò ṣeé fi sílẹ̀ dọjọ́ kẹta, inú ẹ̀ á ti máa ṣú.

Ohun tó máa ń gbà wá lákòókò jù ni kí dísẹ́ẹ̀lì tán pátápátá nínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó rọ òmíì sí i. Tẹ́ ẹ bá rọ ọ́ tán, tẹ́ ẹ yí i títí apá á fi ro yín, kò ní jí. Ọkùnrin yẹn á ní ká bọ́ síta, á tilẹ̀kùn, tó bá yá ẹ̀rọ á dún, á wá gba owó lọ́tọ̀. Ọmọ mi tó ń kọ́ mẹkáníìkì ló là mí lójú. Ó ní afẹ́fẹ́ ló wọ inú páìpù. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́nu páìpù dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ pọ́ńpù, ìfófòó ló máa kọ́kọ́ jáde, tí dísẹ́ẹ̀lì bá ti ń jáde gbuurugbu tí kò sí ìfófòó nínú ẹ̀ mọ́, ẹ dè é padà, ẹ yí i. Ó tán! Ohun tí wọ́n fi ń lé wa síta nìyẹn láti ọdún yìí wá.

Èmi àti àwọn obìnrin kan dáwó jọ ra tiwa. A ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ fúnra wa, a ń pààrọ̀ béètì ẹ̀, àwọn ọkùnrin náà ń gbé ẹ̀gẹ́ wá ká bá wọn lọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Ọkùnrin, Lọ́kọ́ja

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ ti obìnrin, ẹ jẹ́ kí n gba apá kejì ọ̀rọ̀ àǹtí wẹ́dà mú.

Ẹ̀gbẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìlú tí Titcombe, òyìnbó míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ Sudan Interior Mission (SIM), dé lọ́dún 1908. Ọkùnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì kì í ṣe tuntun níbẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù, àwọn ẹgbẹ́ mi bi mí pé ṣé kò sí iṣẹ́ míì ni. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá fẹ́ gbé sílíńdà ọ́síjìn, èmi ni. Tí iná bá lọ, tí jẹ́nẹ́rétọ̀ ò fẹ́ dáhùn, èmi ni. Tó bá wá kan ká wẹ aláìsàn, ká yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ká pa ìgbẹ́ mọ́, wọ́n á ní "bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fáwọn àǹtí." Mo ní rárá, ilé ìwé kan náà ló kọ́ gbogbo wa.

Nígbà tí bàbá mi rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, àwọn àbúrò mi obìnrin ni ẹbí ránṣẹ́ sí kí wọ́n fi ọjà sílẹ̀ wá tọ́jú wọn. Èmi ni mo gba lífù lọ sílé. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ báyẹn, wákàtí méjì méjì ló yẹ kẹ́ ẹ máa yí i padà, tẹ́ ẹ bá fi í sójú kan, ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, níbi ìdí àti gìgísẹ̀, egbò yẹn sì máa ń le ju àìsàn tó gbé e dè lọ. Mo fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ bíríkìlà. Ó kọ́kọ́ ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò rò pé ọmọkùnrin lè wẹ bàbá ẹ̀. Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, òun ló ń ṣe é títí bàbá fi lọ. Ó ń wẹ̀ wọ́n láàárọ̀ kó tó lọ sáìtì, ó ń fi ṣíbí fún wọn lógì nírọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń wá wò ó, kò sì sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, mo ń sọ ọ́ ní gbangba.

Ìyàwó Tíṣà, Ìsánlú

Bọ̀ọ̀dá nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere.

Ọkọ mi ń gúnyán. Èmi ni mo máa ń pẹ́ délé torí ọjà tí mò ń ná, òun á ti dé láti ilé ìwé, á bẹ iṣu, á se é, á gún un, àwọn ọmọ á jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n bá a nídìí odó, wọn ò sọ nǹkan kan. Àfi bí wọ́n ṣe délé tí wọ́n pe ìpàdé ẹbí, wọ́n ní mo ti fi nǹkan mú ọmọ àwọn.

A lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ojú ń tì mí. Àbúrò bàbá ọkọ mi tó jẹ́ dírẹ́bà wá béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní gbogbo ilé oúnjẹ táwọn ti ń jẹ iyán ní gáréèjì, látìgbà táwọn ti ń wakọ̀, ta ló ń gún un? Gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn ọmọkùnrin ni! Wọ́n á bọ́ ẹ̀wù, wọ́n á mú ọmọ odó méjì mẹ́ta, òógùn á máa dà. Tówó bá wà nídìí ẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin ni, tí kò bá sówó nídìí ẹ̀, tó jẹ́ fún ọmọ tìẹ àti ìyàwó tìẹ, ó wá di iṣẹ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, ó sì kan gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ń sọ látòkè. Télọ̀ ọkùnrin pọ̀ nígboro, mélòó nínú wọn ló ń rán bọ́tìnnì aṣọ ọmọ ẹ̀ nílé?

Màmá ò tíì gbà tán o. Tí àlejò bá wà, wọn kì í jẹ iyán tí ọmọ wọn gún. Tí kò bá sí àlejò, wọ́n ń jẹ ẹ́.

Bàbá Mọ̀pà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀kun o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Èmi ò lòdì sí kí ọmọbìnrin kọ́ṣẹ́ ọwọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù àwa òbí, torí ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò pé àṣà nìkan la ń dì mú. Iná ò bà mí lẹ́rù, irin ò bà mí lẹ́rù. Ọ̀gá ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ ọmọ mi kan ń kọ́ riwáyà, ọ̀gá ní kó máa dúró lẹ́yìn tí gbogbo ọmọṣẹ́ bá lọ. Mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní mo da iṣẹ́ ọmọ rú. Ṣé ohun tó dáa ni mo ṣe àbí kò dáa?

Wẹ́dà Obìnrin, Kàbà

Bàbá, ohun tó dáa lẹ ṣe. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ ká ti máa sọ̀rọ̀ jù. Ìwé àdéhùn tí èmi ń kọ fáwọn ọmọṣẹ́ mi, mo ń kọ aago tí wọ́n máa dé àti aago tí wọ́n máa lọ síbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, bàbá àti ìyá á fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tó ń dá dúró tì mí lálẹ́. Ọ̀gá tí kò bá fẹ́ kọ ìyẹn sínú ìwé, ẹ má fọmọ sílẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn fi riwáyà sílẹ̀, ẹ wá ọ̀gá míì fún un.

Ọmọ Ògìdì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ "àṣà" tí bàbá mẹ́nu bà. Ìdílé ahunṣọ ni mo ti wá. Lọ́dọ̀ wa, òfì ìdúró tí wọ́n máa ń gbé ti ògiri, obìnrin ló ni ín, ìyá-ńlá mi jókòó ti tiwọn títí ojú wọn fi bà jẹ́. Òfì aláṣọ tóóró tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn ní ibi tó pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àmọ́ ẹ lọ bi àwọn àgbà Bùnú: aṣọ ìpó, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin ẹni ńlá, ọkùnrin ló ń hun ún, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ń hun ìyókù nílé kan náà. Òwú pupa yẹn, lára aṣọ òyìnbó ni wọ́n ti ń tú u. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni iṣẹ́ kan ti jẹ́ ti obìnrin, ìlú wo? Ilé wo?

Màmá Nike Okundaye tí wọ́n bí ní Ògìdì lọ́dún 1951 kọ́ iṣẹ́ aṣọ nínú ẹbí, wọ́n sì gbé e dé òkè òkun, wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1983, lọ́kùnrin lóbìnrin ló sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin ni mí, mò ń lo òfì ìdúró ìyá-ńlá mi. Apàsà tí wọ́n fi ń tì òwú wálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ti ń dán níbi tí wọ́n máa ń dì mú. Ó le fún ẹ̀yìn, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ rárá, tí àwọn èèyàn bá ní "iṣẹ́ obìnrin" pẹ̀lú ẹnu yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n wá jókòó tì í láàárọ̀ kan péré.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ìyàrà

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà, ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí SS3, iṣẹ́ sólà ló ní òun fẹ́ kọ́. Bàbá ẹ̀ ti gbà. Ṣé ìwé ẹ̀rí kankan wà tó lè gbà, tí wọn ò fi ní máa wò ó bí ẹni tó kàn ń ṣeré?

Wẹ́dà Obìnrin, Kàbà

Ó wà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ iná, ìyẹn waya ilé, kó tó bọ́ sí sólà, tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kó lọ ṣe Trade Test ti mínísírì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, láti grade 3 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á lọ sí 2, á dé 1. Wọ́n á ní kó fọwọ́ ṣe é lójú wọn, kì í ṣe ìwé nìkan. Èmi náà ṣe é, mo gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mo mọ ọ̀gá kan tí ìyàwó ẹ̀ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù, màá bá yín sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àbúrò ẹ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dáná láti ọ̀la, torí ọmọbìnrin yẹn ò ní tètè máa délé mọ́.