Ooru ń da àgùntàn mi láàmú, ṣé kí n rẹ́ irun wọn ni?

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran. Mo ní àgùntàn Yankasa díẹ̀ ní Òmù-Àrán. Láti oṣù kẹta, tí oòrùn bá ti kàn tàrí, ṣe ni wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú ilé wọn, wọn ò sì fẹ́ jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ tí mo sá gbẹ. Omi ò wọ́n wọn. Àbúrò mi ní Ìlọrin ní kí n rẹ́ irun wọn bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe. Irun wo? Tiwa kò kúkú nírun bíi tọ̀hún, àfi gọ̀gọ̀ ọrùn àgbò. Ṣé kí n gé ìyẹn? Àbí páànù tí mo fi bo ilé wọn ló ń fà á? Ẹni tó bá fi koríko bo tiẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tù wọ́n lára? Iléyá ń bọ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n rù.