Káàdì baseball ọmọ tí ẹnì kankan ò mọ̀, ká tà á àbí ká tọ́jú ẹ̀?

BàbáTọ́bí_MD
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, ló fi owó ọjọ́ ìbí ẹ̀ ra páálí káàdì baseball kan tí wọ́n ń pè ní Bowman Chrome, ló bá bá káàdì kan nínú ẹ̀ tó ń dán gbinrin, etí ẹ̀ jẹ́ búlúù, wọ́n tẹ 047/150 sí i (ìyẹn ni pé 150 péré ni wọ́n ṣe irú ẹ̀), ẹni tó wà lórí ẹ̀ sì fi bírò fọwọ́ sí i. Mi ò gbọ́ orúkọ ọmọ náà rí, líìgì kékeré ló ṣì wà. A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ káàdì ní Sátidé, ọkùnrin kan ní òun á san 60 dọ́là lójú ẹsẹ̀, Tọ́bí bá di káàdì mọ́ àyà, ó ní tó bá wá di ìràwọ̀ ńlá bíi Mike Trout ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ọmọ jẹ, mi ò sì fẹ́ pa á lẹ́kún.

Akókáàdì
Bàbá Tọ́bí, ẹ wò ó bóyá wọ́n tẹ "1st" sójú ẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, káàdì Bowman àkọ́kọ́ tọ́mọ náà ní nìyẹn, òun gan-an làwọn èèyàn ń wá. Tẹ́ ẹ bá dé orí eBay ẹ má wo iye tí wọ́n ń pè é, ẹ wo "sold", iye tẹ́nì kan san gangan nìyẹn.

Òótọ́ ni Tọ́bí sọ o. Ní 2009, níbi táwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá ti ń yan àwọn ọmọ tuntun, ọmọ 24 ni wọ́n ti mú kí ẹgbẹ́ Angels tó mú Trout, káàdì ẹ̀ tọdún yẹn tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé, wọ́n tà á lé ní mílíọ̀nù 3.9 dọ́là ní 2020. Ṣùgbọ́n Brien Taylor náà wà. Òun ni Yankees kọ́kọ́ mú ṣáájú gbogbo èèyàn ní 1991, wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 1.55 dọ́là, gbogbo ayé ń kó káàdì ẹ̀ pamọ́. Ní December 1993 ó lọ gbèjà ọmọ ìyá ẹ̀, èjìká ẹ̀ bàjẹ́ níbẹ̀, kò dé líìgì ńlá títí tó fi ṣíwọ́. Owó táṣẹ́rẹ́ lẹ máa fi ra káàdì yẹn lónìí.

Dúró_Houston
Ṣé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni àbí ẹni tó ń gbá a? Tó bá jẹ́ ajùbọ́ọ̀lù ẹ tà á kíákíá. Wọ́n fi 400 lọ̀ mí lórí káàdì ajùbọ́ọ̀lù kan, mo ní rárá, oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìgúnpá fún un, 20 dọ́là ni mo padà gbà. Ó ṣì ń dùn mí.

ÌyáÌbejì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti kọ́kọ́ fi sínú ọ̀rá ẹ̀ kẹ́ ẹ tún fi ike líle bò ó, òróró ọwọ́ ọmọdé máa ń ba ojú ẹ̀ jẹ́, tí igun ẹ̀ bá sì ti rọ́ pẹ́nrẹ́n, PSA, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń fún káàdì ní máàkì, ò ní fún un ní 10 tó ga jù mọ́. Ọmọ ló sì ni owó ẹ̀, ẹ jẹ́ kó dá sí i.

BàbáTọ́bí_MD
Ẹ ṣé gan-an ni. "1st" wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni, àwọn tí wọ́n ti tà lọ ní 95 àti 110, ìyẹn ni pé ọkùnrin ọjọ́ Sátidé yẹn fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Mo fi gbogbo ẹ̀ han Tọ́bí, títí kan ti Taylor. Ó ronú títí, ó wá ní ká dúró di ọdún tó ń bọ̀, pé ọmọ orí káàdì náà àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa wá gbá bọ́ọ̀lù nítòsí wa, òun fẹ́ fojú ara òun rí i ná. Mo ti ra ike náà.