Kí ló wà nínú ìwé ìtàn abàmì ẹlẹ́fẹ̀ tí ọmọ mi fi ń rẹ́rìn-ín mọ́jú?

Ìyá Àyìnkẹ́ (Leeds)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti kó wọnú ìwé Terry Pratchett pátápátá. Ó ń yá wọn ní láíbìrì, bó ṣe ń parí ọ̀kan ló ń mú òmíràn, ẹ̀rín la sì máa ń gbọ́ láti yàrá rẹ̀ lóru. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ayé kan ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, erin mẹ́rin ló rù ú, àwọn erin náà sì dúró lẹ́yìn ìjàpá ńlá kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín àwọn ìràwọ̀. Ó ní Ikú fúnra rẹ̀ ń gbé nínú ìtàn náà, ó ní ẹṣin funfun tó ń jẹ́ Binky, ó fẹ́ràn ológbò, ó sì gba ọmọ iṣẹ́. Mo bi í pé èwo ni ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ Ikú? Ó ní, "Mọ́mì, àfi kí ẹ kà á."

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í fi ikú ṣeré. Síbẹ̀ mi ò ní gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó ń kàwé. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń rí níbẹ̀, kí èmi náà lè bá a sọ ọ́. Ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiwa?

Akọ̀wé Kóòtù (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, mà. Kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń kọ ohun tí olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́ bá sọ sílẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta wa níbí, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1952, The Palm-Wine Drinkard, ìtàn ọ̀mùtí ẹmu kan. Nínú rẹ̀ ni ọkùnrin kan ti yá pọ́n-ùn kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọdún yípo, ọ̀rẹ́ ní kó san án. Onígbèsè ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò san gbèsè rí. Olówó bá lọ wá ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa bá èèyàn sin owó. Ìyẹn náà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò lọ sin owó kí òun má rí i gbà. Ìjà dé. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọjá lọ dúró ó ń wòran. Onígbèsè fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀ níkùn, ó kú. Ẹni tó wá sin owó ní bí òun ò bá rí i gbà láyé, òun á gbà á lọ́run, òun náà pa ara rẹ̀. Òǹwòran ní ìjà yìí wu òun gan-an, òun gbọ́dọ̀ rí ìparí rẹ̀, lòun náà bá tẹ̀ lé wọn. Ó wá ku olówó nìkan níwájú adájọ́.

Ta ló jẹ̀bi? Ọ̀mùtí tí wọ́n fi ṣe adájọ́ rò ó lọ rò ó bọ̀. Kò lè dá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bi, kò lè dá ẹni tó dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́bi. Ó sún ẹjọ́ síwájú fún ọdún kan gbáko. Ẹjọ́ kejì tí wọ́n tún gbé wá, ó sún ìyẹn náà. Nígbà tó yá, ó bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé náà pé kí ẹ bá òun dá a, kí ẹ sì fi ìdájọ́ yín ránṣẹ́ kíákíá.

Ẹ wò ó, mà, mo ti kọ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ gbèsè sílẹ̀. Mo mọ ojú ẹni tó ti náwó ọkọ̀ ju owó tó wá gbà lọ, tí kò sì ní padà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kì í ṣe owó ló ń lé mọ́. Ìwé òfin kò lè fi ojú yẹn hàn yín. Ìwé ìròyìn náà kò lè ṣe é. Tutuola gbé e lọ sí ìlú tí kò sí láyé, ó jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ títí dé òpin, a sì rí i kedere. Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú irú ìtàn yìí nìyẹn: ayé ibẹ̀ lè rí wúruwùru, àmọ́ ìṣirò ibẹ̀ máa ń pé.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Kí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ tó wọ inú igi funfun kan, wọ́n ta ikú wọn fún ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6. Ẹ̀rù wọn, wọn ò tà á, wọ́n fi yáni ni, èlé rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà pẹ̀lú èlé. Àmọ́ ẹni tó ra ikú sọ pé ọjà tí òun ti rà, òun ti rà á nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò lè kú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Ẹ fojú inú wo ẹni tí kò lè kú tó ń gbọ̀n! Ẹni tó bá rí i pé kọ́bọ̀ mẹ́fà yẹn ṣe pàtàkì ti rí gbogbo ìwé náà.

Pratchett náà, kọ́bọ̀ mẹ́fà ló ń kà. Nínú Men at Arms (1993), ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Vimes ń gba dọ́là 38 lóṣù. Bàtà awọ tó dáa jẹ́ dọ́là 50, èyí tí agbára rẹ̀ ká jẹ́ dọ́là 10. Èyí tó dáa á lò tó ọdún mẹ́wàá. Ti dọ́là 10 á já láìpẹ́, omi á máa wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tálákà á ti ná dọ́là 100 lórí bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tún tutù. Ìwé tí àjẹ́ àti dírágónì ti ń rìn lọ rìn bọ̀ ni mo ti ka èyí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jà bàtà sì ni. Bí ẹnì kan bá dúró lórí pèpéle tó ní òun fẹ́ kọ́ mi nípa ìṣẹ́, màá sùn lọ. Níbẹ̀ ẹ̀rín ni mò ń rín, ìgbà tí mo dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn mí.

Mo gbà pé iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ṣe wà lára rẹ̀. Tutuola jẹ́ mẹ́sẹ́njà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ l'Ékòó. Pratchett ṣe oníròyìn, lẹ́yìn náà ó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lórúkọ àjọ iná mànàmáná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti gbé fáìlì káàkiri mọ bí nǹkan tí kò mọ́gbọ́n wá ṣe ń ní òǹtẹ̀ lórí.

Ní ti Ikú, mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Nígbà tí ọ̀mùtí dé ilé Ikú, kò bá a nílé. Ikú wà lóko iṣu rẹ̀. Ikú ti Pratchett náà nílé, ó ní ọgbà, ó gba ọmọ tọ́. Nínú Mort (1987) ó tiẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́, ó lọ ń dáná ní búkà kan, inú rẹ̀ sì dùn níbẹ̀. Wọn ò bú Ikú, wọn ò sì fi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn jẹ́ kí ọmọ wo Ikú lójú kó má sá. Ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọmọ Imẹ̀kọ

Akọ̀wé, ẹ ti sọ ọ́. Kí n fi díẹ̀ kún un. Lọ́dọ̀ wa àti ní Kétu lọ́hùn-ún, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń ṣáájú ìran Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ọ̀sán. Ẹlẹ́fẹ̀ tó gbé agọ̀ wọ̀ á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, kó tó máa kọrin nípa ẹni tó jí owó ìlú, ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó, àtàwọn ìjòyè. Ojú ọ̀nà kan náà ni: gbé aṣọ ẹ̀dá mìíràn wọ̀, o lè sọ òótọ́. Ìyá Àyìnkẹ́, ọmọ yín ò ṣàjèjì sí i rárá.

Tíṣà Ìlá

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Akọ̀wé, ẹ ti gbójú fo Fágúnwà tó kọ ìtàn abàmì lédè Yorùbá, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́dún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde, Tutuola kò tíì kọ ìwé nígbà yẹn. Nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje (1954) àwọn ọdẹ dé Èdìdàrè, ìlú àwọn òmùgọ̀, Òmùgọ̀diméjì lọba wọn. Mo máa ń kà á sókè fáwọn ọmọ kíláàsì mi, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dárúkọ àwọn tí wọ́n mọ̀ tó yẹ kó jọba níbẹ̀. Yorùbá ni ọmọ yẹn yóò sì fi rẹ́rìn-ín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Akọ̀wé Kóòtù (Abẹ́òkúta)

Tíṣà, mo júbà Fágúnwà. Ṣùgbọ́n ó máa ń dá ìtàn dúró láti wàásù, mo sì máa ń ṣí ojú ìwé wọ̀nyẹn kọjá. Tutuola kì í dúró. Ẹ̀fẹ̀ tó dúró ṣàlàyé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í wọ̀ mí lára. Èdìdàrè ní tirẹ̀, mo gbà fún yín, ó dára ju ohun tí ẹnu lè sọ.

Tíṣà Ìlá

Ìwàásù náà dùn létí ẹni tó bá kà á sókè. Ẹ gbìyànjú ẹ̀, ẹ má fi ojú nìkan kà á.

Ìyá Àyìnkẹ́ (Leeds)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo sọ ẹjọ́ onígbèsè yẹn fún wọn nídìí oúnjẹ lálẹ́ àná. Àyìnkẹ́ ní olówó ló jẹ̀bi, torí òun ló lọ gbé ẹlòmíì wá sínú ọ̀rọ̀ àárín ọ̀rẹ́. Bàbá rẹ̀ ní òǹwòran ni, kí ló kàn án? Wọ́n ṣì ń jiyàn rẹ̀ nígbà tí mo lọ sùn. Mo ti gba Mort lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti dé ibi tí Ikú ti wá gba ọmọ náà síṣẹ́. Tíṣà, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kó ti wá Ìrìnkèrindò bá wa?