Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, kí lojú yín rí lẹ́nu iṣẹ́?

Ọmọ Ṣakété
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni ìjọba ti ní kí owó oṣù tó kéré jù ní Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SMIG, kúrò ní 40,000 sẹ́fà kó di 52,000. Kó tó di 40,000 lọ́dún 2014, 31,625 ni. Mo bá àbúrò mi kan tó ń ṣọ́ ilé ní Kútọnu sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó ní 35,000 lòun ṣì ń gbà, òun ò sì mọ ẹni tóun máa bi. Mo fẹ́ gbọ́ ti ẹ̀yin náà. Báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oṣù, èló ni wọ́n ń kà lé yín lọ́wọ́ gan-an, ṣé ẹ sì níwèé?

Baba Ìbejì
30,000. Kò síwèé.

Ọmọ Abẹ́òkúta
Ẹ̀yin ará Bẹ̀nẹ̀, ẹ má bínú sí mi o. 52,000 sẹ́fà yẹn, tí èèyàn bá ṣẹ́ ẹ sí náírà lónìí, ó ju 70,000 náírà tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù nílé wa lọ dáadáa. Irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ ló gbé mi wá síbí lọ́dún 2018. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara mọ́tò ni mo ti ń tajà fún ọ̀gá kan, a sì ń jẹun. Ni Nàìjíríà bá ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Àwọn oníbàárà wa tó ń ti Èkó àti Ìjẹ̀bú wá kò wá mọ́. Ọ̀gá ní kí n ní sùúrù. Títí wọ́n fi ṣí i ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń fowó oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi láti ilé. Mo wáṣẹ́ mìíràn títí. Gbogbo ibi tí mo dé, Faransé ni wọ́n fi ń bi mí lọ́rọ̀. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo gbọ́ Yorùbá, mo ń gbọ́ Ègùn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan tó mú mi wọ ọ́fíìsì.

Ẹlẹ́kọ Àjàṣẹ́
Àbúrò, ṣẹ́ ẹ sí ìrẹsì, má ṣẹ́ ẹ sí náírà. Kútọnu lo ti ń sanwó ilé, kì í ṣe Abẹ́òkúta.

Ọmọ Abẹ́òkúta
Òótọ́ ni, màmá. Mo gbà.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kútọnu ni mo ti ń ṣe akọ̀wé ọjà láti ọdún 2013. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹrù tó ń wọlé, ẹrù tó ń jáde, àpò ìrẹsì mélòó, páálí òróró mélòó, ọwọ́ mi ni gbogbo ẹ̀ ń gbà kọjá. Oṣooṣù ni wọ́n ń fún mi níwèé owó oṣù, ó sì wà níbẹ̀ gbangba pé wọ́n ti yọ 3.6 nínú 100 fún CNSS, àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Ìyá mi ta iṣu títí dọjọ́ alẹ́, kò sẹ́ni tó fún un ní kọ́bọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Mo ní tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo lóyún Àbẹ̀kẹ́, mo gba ọ̀dọ̀ CNSS lọ nítorí owó ìsinmi ìbímọ, torí òfin fún wa ní ọ̀sẹ̀ 14. Ọmọbìnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ mi, ó tún un tẹ̀, ó ní kí n tún nọ́ńbà mi pè. Ó wá rọra sọ fún mi pé, “Màmá, oṣù 22 péré ni mo rí níbí.” Ọdún kẹsàn-án nìyẹn tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mi ò lè dìde. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló ra omi fún mi.

Mo padà bi ọ̀gá. Ó ní àṣìṣe ni, àwọn máa tún un ṣe. Ọdún kẹta nìyí. Mo ṣì wà níbẹ̀, torí ọmọ mẹ́ta ni mò ń tọ́.

Baba Ìbejì
Háà.

Ẹlẹ́kọ Àjàṣẹ́
Olúwa ó! Wọ́n yọ owó lọ́wọ́ aboyún, wọn ò sì fi síbi tó yẹ. Ara mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àgbà Kétu
Mi ò pè yín nírọ́ o, ìyá. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án? Ẹ ò lọ yẹ̀ ẹ́ wò rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Èmi wò ó pé ẹni tówó rẹ̀ bá wà níbì kan á máa bẹ̀ ẹ́ wò.

Aláṣọ Ìyeyè
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ti lọ yẹ tiyín wò?

Àgbà Kétu
Ilé iṣẹ́ tèmi kì í ṣe irú wọn.

Akọ̀wé Owó
Ìwé owó oṣù ni mò ń ṣe láti bí ọdún 14, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú owó ìfẹ̀yìntì, òṣìṣẹ́ ń san 3.6 nínú 100, agbanisíṣẹ́ ń fi 6.4 kún un, ó jẹ́ 10. Agbanisíṣẹ́ ló ń kó méjèèjì lọ fún CNSS, òun náà ló sì ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ránṣẹ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ní ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, èèyàn tó lé ní ogún ni wá, orúkọ méje là ń kọ ránṣẹ́. Àwọn yòókù ń rí i lórí ìwé pé wọ́n yọ owó wọn. Mo béèrè, wọ́n ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ yẹn, ọwọ́ mi ló tẹ ìwé náà. Kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì lẹ́ni 60 ọdún gbọ́dọ̀ ní oṣù 180 lórúkọ. Ẹ wá ṣírò ohun tí ọdún méje tó sọnù máa dá sílẹ̀.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mo ti rò pé orúkọ mi nìkan ni wọ́n fò.

Oṣù Mẹ́fà Mẹ́fà
Tèmi kì í ṣe CNSS, kọ̀ńtírà ni. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa ń kọ sí i. Tó bá parí, wọ́n á tún fún mi lómìíràn. Mo ti tọwọ́ bọ̀wé lẹ́ẹ̀mọ́kànlá níbì kan náà, lórí tábìlì kan náà. Ní gbogbo oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá, n kì í sùn. Ìyàwó mi ti mọ̀ ọ́n, kì í bá mi sọ̀rọ̀ owó lọ́sẹ̀ yẹn. Ilé ìfowópamọ́ ò lè yá mi lówó torí wọ́n ní iṣẹ́ mi ò dúró.

Ọmọ Ṣakété
Ẹ̀gbọ́n, òfin tuntun ti ọdún 2017 ló gbà wọ́n láyè. Láyé òfin 1998, kọ̀ńtírà ọlọ́jọ́ lópin ò lè máa lọ láìdúró. Ní báyìí wọ́n lè tún un ṣe iye ìgbà tó bá wù wọ́n. Òfin kan náà ló sọ pé bí wọ́n bá lé èèyàn láìtọ́, owó ìtanràn kò gbọdọ̀ ju owó oṣù mẹ́sàn-án lọ, kò sì gbọdọ̀ dín sí mẹ́ta.

Oṣù Mẹ́fà Mẹ́fà
Wọn ò ní láti lé mi. Wọ́n kàn máa dákẹ́ lọ́jọ́ tó bá parí ni.

Olùkọ́ Onítíṣà
Èmi ń kọ́ ìṣirò níléèwé aládàáni mẹ́ta, wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó. Oṣù kẹjọ kò ní wákàtí. Ebi ní oṣù kẹjọ ṣáá.

Aláṣọ Ìyeyè
Ìdí tí mo fi gun zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà akérò, nìyẹn. Mo kàwé ní yunifásítì Abomey-Calavi, mo gba líísáǹsì, ìyẹn oyè àkọ́kọ́, nínú ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, mo sì pín ìwé ìbéèrè iṣẹ́ fún ọdún méjì. Ibi kan pè mí, wọ́n ní kí n wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà láìgbowó, kí n sì máa wọ ọkọ̀ ara mi. Mo ṣe é dé oṣù kẹrin. Lọ́jọ́ tí n kò rówó ọkọ̀, mo gba alùpùpù lọ́wọ́ ará àdúgbò wa kan. 2,000 ni mo máa ń fún un lójúmọ́ títí ọ̀kadà á fi di tèmi. Ó di tèmi lọ́dún tó kọjá. Kò sẹ́ni tó ń fún mi níwèé tó máa parí, àmọ́ tí n bá dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta náà làwọn ọmọ mi ò ní jẹun dáadáa. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wá, fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn èrò ò sì fẹ́ fi kún owó.

Ẹlẹ́kọ Àjàṣẹ́
Àbúrò ọkọ mi ń ta kpayo lẹ́bàá títì. Láti ọjọ́ tí iná Sèmè-Kraké pa èèyàn tó lé ní 30 ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, tí fóònù mi bá ti dún lálẹ́ àyà mi á já. Kò ríṣẹ́ mìíràn ni.

Aránṣọ Pọ́bẹ̀
Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ìwé. Nínú èèyàn 10 tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí, ó lé ní 9 tó jẹ́ iṣẹ́ ara ẹni tàbí iṣẹ́ tí kò wọ̀wé. Àwa aránṣọ, onígbàjámọ̀, mẹkáníìkì, ta ló ń sọ tiwa?

Ọmọ Iṣẹ́ Àná
Ẹ má bínú, màmá, kí ẹ̀yin ọ̀gá náà bi ara yín léèrè. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọdún àkọ́kọ́, ọmọ ọ̀gá ni mo pọ̀n. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí mo máa gba dípúlọ́ọ̀mù, wọ́n kọ ohun tí mo máa mú wá sórí bébà: owó, ewúrẹ́, ọtí, aṣọ ẹgbẹ́. Bàbá mi ta ilẹ̀ kékeré kan.

Aránṣọ Pọ́bẹ̀
Ó dùn mí láti gbọ́ ti ilẹ̀ bàbá yín. Èmi kì í gba ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń bọ́ ọmọ iṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin? Abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́, aṣọ oníbàárà tí wọ́n bá gé bàjẹ́, ta ló ń san án? Mo ti san owó ankara ìyàwó tuntun kan tí ọmọ iṣẹ́ mi gé fún oníbàárà mìíràn, mo sì bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìjọba ò fún mi ní kọ́bọ̀ rí láti kọ́ ẹnikẹ́ni, èèyàn 17 ni mo sì ti kọ́.

Ọmọ Iṣẹ́ Àná
Mo gbọ́ yín, màmá. Ká ní ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ṣẹ́ ni.

Olùkọ́ Onítíṣà
Ìdánwò CQM, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, ti wà báyìí fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìjọba ló ń fún wọn níwèé ẹ̀rí yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Àgbà Kétu
Mo ti ń wá bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí CNSS láàárọ̀ yìí. Ó yẹ kí n ti ní oṣù 190. 159 ni wọ́n bá lórúkọ mi. Oṣù 31 ni kò sí níbẹ̀, mo sì máa pé 58 lọ́dún yìí. Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ foríjì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín kò dára.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́
Bàbá, kò sí ohun tí mo di sínú. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ìwé owó oṣù yín wà lọ́wọ́?

Àgbà Kétu
Díẹ̀ wà. Díẹ̀ ti bómi lọ nígbà òjò.

Akọ̀wé Owó
Èyí tó bá wà náà máa ṣiṣẹ́, bàbá. Ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀dọ̀ alábòójútó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìyẹn inspecteur du travail, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kì í dé ilé ẹjọ́ láìgba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, wọ́n á sì pe agbanisíṣẹ́ wá síwájú yín. Ẹ to ìwé yín ní oṣooṣù. Oṣù tí ìwé rẹ̀ bá sọnù, ẹ wá ẹ̀rí pé owó wọ àpò ìfowópamọ́ yín.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́
Mo ti gbé páálí sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti ka 71. Àbẹ̀kẹ́ ń bá mi tò ó sílẹ̀, ó rò pé eré ni. Tí mo bá lọ lọ́jọ́ Ajé, ṣé wọn ò ní lé mi?

Oṣù Mẹ́fà Mẹ́fà
Mo gbààyè lọ́jọ́ Ajé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín lọ, kẹ́ ẹ má dá nìkan jókòó síbẹ̀.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́
Mo fẹ́.

Akọ̀wé Owó
Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì-méjì. Ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.